Àbẹ́là Tó Kú Ṣáájú Gavril

Ní ìlú Valea Surdă, bí òkú bá fẹ́ bá alààyè sọ̀rọ̀, òru ló máa ń yàn. Gavril nìkan ni tirẹ̀ yàtọ̀. Nígbà tó wà láyé, tí oòrùn bá ti wọ̀, èèyàn lè tú òrùlé kúrò lórí rẹ̀ kó má mira, ikú ò sì sọ ọ́ di ẹlòmíì. Ẹ̀yìn oúnjẹ ọ̀sán ló máa ń wá, nígbà tí Zamfira ìyàwó rẹ̀ bá ti ibi iṣẹ́ wálé, tó jẹ tùwó àgbàdo àti wàràkàṣì díẹ̀, tó sì gbé orí lé ìrọ̀rí kó tó padà.

Kì í wá bí òkú tó ní ẹ̀kọ́ ilé. Kì í wọ aṣọ funfun, kì í fi ohùn jíjìn pe ẹnikẹ́ni. Ńṣe ló máa ń kọlu nǹkan. Zamfira á kọ́kọ́ gbọ́ gbàgà, bí ẹni fi ojúgun gbá àga, lẹ́yìn náà á gbọ́ èébú, lẹ́yìn náà ni ohùn ọkọ rẹ̀ á dé.

"Zamfira, ibí yìí mà ṣókùnkùn o. Mo tún ti fẹsẹ̀ gbá nǹkan."

"Kí lo gbá?"

"Tí mo bá ríran, ṣé màá gbá a ni?"

Ibẹ̀ ni yóò ti jí. Oòrùn á wà lójú fèrèsé, adìẹ á máa pariwo lágbàlá, gbogbo ayé á mọ́lẹ̀ kedere, òógùn tútù á sì máa ṣàn lọ́rùn rẹ̀. Òórùn èéfín epo á kún imú rẹ̀. Ó ti fi ọṣẹ fọ imú náà títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lójú rẹ̀, òórùn ò lọ.

Ọ̀rọ̀ náà ìbá máa pa á lẹ́rìn-ín, torí Gavril ni. Ọkùnrin tó jẹ́ pé bí ìyàwó rẹ̀ bá tan iná yàrá kan, á sáré lọ pa ti yàrá kejì, kí aládùúgbò má baà rò pé wọ́n ń ṣe ìgbéyàwó. Ọkùnrin tó ń fi ìmọ́lẹ̀ tẹlifíṣọ̀n àwọn ará òdìkejì títì jẹun alẹ́. Òun náà ló wá ń fẹjọ́ òkùnkùn sùn.

Oṣù kejì ọdún ló kú, nígbà tí yìnyín ga dé etí fèrèsé. Ní ilẹ̀ Romania tiwa yìí, ọmọdé pàápàá mọ̀ pé ẹni tó bá kú láìsí àbẹ́là títàn lọ́wọ́ rẹ̀, inú òkùnkùn ni yóò máa táràrà lọ́run. Ẹ̀rù ikú ò bà wá tó ẹ̀rù kí ikú bá wa níbi tí ìṣáná ti tán. Bàbá kan wà nígboro tí kì í lọ sílé ìyàgbẹ́ láìgbé àbẹ́là sápò. Nítorí náà, nígbà tí èémí Gavril bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà síra, Zamfira fi àbẹ́là sí i lọ́wọ́, ó fi ọwọ́ tirẹ̀ di ọwọ́ náà mú, ó sì ṣáná sí i.

Àbẹ́là náà ta pàràpàrà. Ó tutọ́ dúdú. Ó tẹ̀ kọdọrọ bí ọ̀mùtí tó ń wá ẹni tó máa fara tì, ó sì kú. Kí Zamfira tó rí ìṣáná kejì yọ, Gavril ti bá tirẹ̀ lọ.

Bó bá jẹ́ pé ọjà ló ti ra àbẹ́là yẹn ni, ìbá bú ẹni tó tà á, kó sinmi. Ṣùgbọ́n ibi iṣẹ́ òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é, ìyá ìgbéyàwó rẹ̀ ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún un.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá, nínú ilé kan tí wọ́n ti ń so ẹṣin láyé àtijọ́, ni ilé àbẹ́là bíṣọ́ọ̀bù wà. Ibẹ̀ ni gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì àgbègbè ti ń kó àbẹ́là. Leonte ló ń yọ́ ìda nínú ìkòkò tó tóbi débi pé èèyàn lè wẹ màlúù nínú rẹ̀. Zamfira ló ń ri òwú bọ ìda, tó ń fà á yọ, tó tún ń rì í bọ̀ ọ́, títí òwú á fi sanra di àbẹ́là. Ìyá Frosa ló sì ni kọ́kọ́rọ́. Òun ló ń gba ìda lọ́wọ́ àwọn tó ń sin oyin, òun ló ń wọ̀n ọ́n jáde fún ìkòkò. Kọ́kọ́rọ́ yẹn ti pẹ́ nídìí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi rò pé wọ́n bí i mọ́ ọn ni.

Ìyá Frosa yìí kan náà ló di àbẹ́là mú lẹ́yìn Zamfira lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Òun ló gbé Smaranda, ọmọbìnrin Zamfira, jáde nínú omi ìrìbọmi, kí ọmọ náà tó dàgbà lọ máa ká èso nílẹ̀ Spain. Àwọn ará ìlú òkèèrè lè rò pé fọ́tò lásán ni ìyá ìgbéyàwó wà fún. Níbí, ìyá tó bíni lọ́mọ pàápàá ń dìde fún un. Ọdún dé, o gbé adìẹ lọ bá a. O pàdé rẹ̀ lọ́nà, o fẹnu ko ọwọ́ rẹ̀. Èèyàn lè bá ìyá tó bí i jà kí àlùfáà parí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tú àṣírí ìyá ìgbéyàwó rẹ̀, wọ́n ní koríko ò ní hù lórí sàréè rẹ̀. Sàréè mélòó kan wà ní itẹ́ òkú wa tí kò ní koríko. Wọ́n ní ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́. Àwa mọ̀.

Leonte ni kò mọ bí a ṣe ń dákẹ́.

"Ìyá Smaranda," ló wí lọ́jọ́ kan, ó ń ro ìkòkò, "ṣé ẹ wo èékánná Ìyá Frosa lónìí?"

"Kí ló ṣe é?"

"Ó pọ́n bí ìyeyè. Ó jọ pé wọ́n ti ń pa ẹyin ọdún Àjíǹde láró. Oṣù kẹwàá la wà o."

"Wọ́n ń bó àlùbọ́sà ni. Pa ẹnu ẹ mọ́."

"Ẹnu mi ti pa dé. Imú mi ló kọ̀. Ìgbà wo lẹ gbóòórùn oyin nínú ìkòkò yìí kẹ́yìn?" Ó fi orógùn rẹ̀ tọ́ka sí fèrèsé. "Ẹ tún dá mi lóhùn èyí. Tẹ́lẹ̀, tá a bá ṣí fèrèsé, oyin á rọ́ wọlé wá kí ìda, wọ́n á ta mí títí ojú mi á fi wú bíi búrẹ́dì. Ìyàwó mi ò dá mi mọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ta ni oyin ta níbí lọ́dún yìí?"

Zamfira wo ojú Leonte. Ojú náà jọ̀lọ̀ bíi ti ọmọ tuntun. Ó gbìyànjú láti rántí oyin kan ṣoṣo tó wọlé láti ọjọ́ Àjíǹde, kò rí i rántí. Òwú bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú ìda.

"Ìda funfun tí wọ́n ń yọ lára epo rọ̀bì ni," Leonte sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Wọ́n á bu àwọ̀ sí i, ó di ti oyin. Oyin fúnra rẹ̀ nìkan ni kò gbà. Wọ́n sì ní àwọn ọ́dítọ̀ bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ lẹ́yìn Sátidé Àwọn Òkú. Wọ́n á bi ẹni tó bá mọ̀."

"Kí ìwọ sọ fún wọn."

"Èmi? Mo ní ọmọ mẹ́ta, mo ní ìyá ìyàwó nílé. Mi ò mọ nǹkan kan. Ẹ̀yin lẹ mọ̀."

"Ìgbà wo ni mo mọ̀?"

"Nísinsìnyí tí mo sọ fún yín."

Láti ọjọ́ náà ni ọkàn Zamfira ti pín sí méjì, tí ìlàjì kan ò sì jẹ́ kí ìlàjì kejì sùn. Bí kò bá sọ, inú òkùnkùn ni Gavril á máa wà. Bó bá sọ, ìyá ìgbéyàwó rẹ̀ ló fi lé ọ̀tá lọ́wọ́, ohun tó sì tún mọ̀ dájú kò ju òórùn àti èékánná lọ.

Ó kọ́kọ́ gbìyànjú láti yẹra. Ohun tí èèyàn bá fi tọrẹ fún alààyè lórúkọ òkú, òkú ló ń gbà á lọ́run, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn. Zamfira ra tọ́ọ̀ṣì ńlá kan, ó gbé e lé búrẹ́dì lórí, ó fún Bàbá Ghenadie, ẹni tí ọgbà wọn jọ pààlà. "Ti Gavril ni o, Bàbá. Ẹ máa tàn án." Bàbá ní kí Ọlọ́run gbà á.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, gbàgà.

"Tọ́ọ̀ṣì ti dé," Gavril wí. "Kò ní bátìrì."

Zamfira sáré lọ bá Bàbá Ghenadie. Tọ́ọ̀ṣì wà lórí pákó, ikùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ó ṣófo. Rédíò bàbá ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá," bàbá wí. "Ṣé o fẹ́ kí n máa fi tọ́ọ̀ṣì gbọ́ bọ́ọ̀lù ni?"

Ó lọ ra bátìrì tuntun, ó gbé e fún un lórúkọ Gavril, ó bẹ̀ ẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ọkọ rẹ̀ tún dé, ó fẹsẹ̀ gbá nǹkan méjì léra.

"Mi ò tíì ríran," ló wí, "ṣùgbọ́n wọ́n ti jẹ góòlù méjì."

Zamfira jókòó lórí ibùsùn, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà omi náà ń dà lọ láìsí ẹ̀rín.

Nígbà tí Sátidé Àwọn Òkú ku díẹ̀, Gavril wá pẹ̀lú ohùn mìíràn. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀.

"Mo ti dé ibodè àkọ́kọ́," ló wí. Ibodè tí òkú ń là kọjá lójú ọ̀run pọ̀, oníbodè kọ̀ọ̀kan ló sì ní ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ tó ń yẹ̀ wò. "Oníbodè ní òun fẹ́ rí ojú mi. Mo gbé àbẹ́là sókè, kò tàn. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e sí imú. Ó ní, 'Èyí kì í ṣe ìda. Ta ló ṣe é?'"

"Kí lo wá wí?"

"Mo ní kí wọ́n bi ìyàwó mi. Ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́."

"O ò ṣe dárúkọ ẹni tó ṣe é fúnra ẹ?"

"Kí n dárúkọ ìyá ìgbéyàwó mi? Ṣé o fẹ́ kí koríko má hù lórí mi ni? Wọ́n ní kí n jókòó tì wọ́n. Wọ́n ní àwọn á dúró dè ọ́."

Ọjọ́ náà, Zamfira ò padà síbi iṣẹ́.

Ìyá Frosa ránṣẹ́ pè é lọ́jọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn. Ilé rẹ̀ mọ́ tónítóní, òrùlé tuntun wà lórí rẹ̀ tó ń dán débi tí ẹyẹ ò fi lè dúró lórí rẹ̀, ṣe ni wọ́n ń yọ̀ bọ́. Oòrùn ìparí ìkórè mú díẹ̀, fèrèsé wà ní ṣíṣí. Ìyá Frosa bù ọtí èso fún un, ó bù fún ara rẹ̀.

"O ti rù," ló wí. "Ojú ẹ ti wọnú. Ṣé Gavril ni?"

"Òun ni, Ìyá."

"Ọkùnrin. Wọn ò jẹ́ ká sinmi láyé, wọn ò jẹ́ ká sinmi lọ́run." Ó nu ẹnu. "Ọmọ mi, mo ti ń dàgbà. Mi ò bímọ, ìwọ náà mọ̀. Ìwọ ni mo ní. Ọjọ́ tí tèmi bá dé, ìwọ ló máa fi àbẹ́là sí mi lọ́wọ́. Wá wo ibi tí mo kó nǹkan sí, kóo má baà máa tú ilé kiri."

Ó ṣí àpótí tó wà lẹ́sẹ̀ ibùsùn. Kò sí arúgbó obìnrin kan níbí tí kò ní irú àpótí bẹ́ẹ̀. Aṣọ dúdú tí wọn ò tíì wọ̀ rí wà nínú rẹ̀, gèlè, ìbọ̀sẹ̀ tuntun, bàtà pẹlẹbẹ. "Kò ní gíga nídìí," ni Ìyá Frosa wí, "mi ò fẹ́ ṣubú níwájú àwọn ẹni mímọ́." Lẹ́yìn náà ó gbé ọ̀pá ìda jáde nísàlẹ̀ àpótí. Àbẹ́là tẹ́ẹ́rẹ́ ni, gígùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá gígùn ẹni tó ni ín mu láti gìgísẹ̀ dé àtàrí, wọ́n á wá ká a bí ìgbín. Orí àyà òkú ni wọ́n ń gbé e sí, tí wọ́n ń tàn án, nítorí òun ni ọ̀pá tí òkú máa fi tilẹ̀ lọ́nà ọ̀run.

Ìrì funfun bí ẹfun bò ó, irú èyí tó máa ń hù lára ìda oyin nìkan bó bá pẹ́ níbi tútù. Òórùn oyin sì jáde, ó gba yàrá kan, ó gba ojú Zamfira, ó lé òórùn epo tó ti wà nímú rẹ̀ láti oṣù kejì sá.

Oyin kan gba ojú fèrèsé wọlé. Ó yí yàrá po, ó bà lé ọ̀pá ìda náà.

Ìyá Frosa fi gèlè lé e. Ó jáde, ó tún wọlé, ó padà síbi tó wà. Àwọn méjèèjì ń wò ó.

"Ìda gidi nìyí, Ìyá," ni Zamfira wí.

"Ṣé ìda mìíràn tún wà ni?"

"Ti Gavril ńkọ́?"

Ìyá Frosa mu ọtí rẹ̀ tán kó tó dáhùn. "Oyin ò pọ̀ sí i, Zamfira. Àlùfáà ń pọ̀ sí i, òkú ń pọ̀ sí i, àbẹ́là tí wọ́n ń béèrè ń pọ̀ sí i. Ṣé kí n lọ máa su ìda ni? Àwọn tó ń ṣe ìpara ètè nígboro ńlá ń wá a bí ẹni ń wá wúrà. Mo fún wọn. Ọlọ́run kì í wo òwú, ọkàn ló ń wò."

Zamfira wá mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ọkọ òun lọ. Ó wà lẹ́nu àwọn obìnrin ìgboro ńlá, ó ń dán.

"Bí Ọlọ́run ò bá wo òwú," ló wí, "kí ló dé tí ẹ fi gidi pamọ́ fún ara yín?"

Ìyá Frosa, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ lè mú kí bíṣọ́ọ̀bù tọrọ àforíjì lọ́wọ́ adìẹ, wo oyin náà. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó mú ọ̀bẹ búrẹ́dì, ó tú ọ̀pá ìda náà díẹ̀, ó gé e sí méjì.

"Gbà. Tàn án fún un ní Sátidé. Èyí tó kù á tó mi dé ìbàdí. Láti ìbàdí lọ sókè, màá máa fọwọ́ tálẹ̀. Ṣùgbọ́n ká má sọ ọ́ mọ́, ìwọ ọmọ tí mo mú wọ ṣọ́ọ̀ṣì."

Zamfira gbà á. Kí ẹnikẹ́ni má bú u. Ẹni tí òkú ń jí lójoojúmọ́, bí wọ́n bá gbé ìmọ́lẹ̀ fún un, kò ní béèrè iye tó jẹ́. Ó fẹnu ko ọwọ́ tó gé ìda náà, ó lọ.

Ní Sátidé Àwọn Òkú, gbogbo ìlú wà ní itẹ́ òkú pẹ̀lú àlìkámà sísè, ṣúgà àti àsálà. Àbẹ́là wà lórí gbogbo sàréè, wọ́n ń ta pàràpàrà, wọ́n ń tutọ́ dúdú, àwọn èèyàn ń fi ọwọ́ fẹ́ èéfín, wọ́n ń dá afẹ́fẹ́ lẹ́bi. Zamfira tan tirẹ̀. Kò mira. Ó dúró gangan, òórùn oyin sì gba àárín sàréè lọ, àwọn èèyàn ń yí imú kiri bí ajá ọdẹ, wọn ò mọ ibi tó ti ń wá. Nígbà tó jó dé ìdajì, ó pa á, ó gbé èyí tó kù lọ sílé.

Ó jẹun, ó gbé orí lé ìrọ̀rí. Kò gbọ́ gbàgà. Ó pẹ́ kó tó mọ̀ pé Gavril ti wà níbẹ̀.

"Ó ti tàn," ni Gavril wí.

"Ṣé wọ́n ti jẹ́ kóo kọjá?"

"Wọ́n ní kí n máa lọ. Mi ò tíì lọ."

"Kí lo ń dúró ṣe?"

"Zamfira, mo rò pé àga ni mo ń gbá."

"Kí ni?"

"Àwọn èèyàn ni. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n jókòó sí. Ìyá olùkọ́ wà níbẹ̀. Ọkọ Varvara wà níbẹ̀, àti ọmọ kékeré tó kú sómi. Gbogbo ẹni tó kú níbí láti ìparí ọdún tó kọjá. Mo ti ń fẹsẹ̀ gbá wọn láti oṣù kejì, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀, torí olúkúlùkù rò pé òun nìkan ni. Ìmọ́lẹ̀ mi ni wọ́n ń wò báyìí. Wọn ò bi mí ní nǹkan kan. Wọ́n kàn ń wò ó ni."

Nígbà tó jí, oòrùn ṣì wà lójú fèrèsé, adìẹ ṣì ń pariwo. Zamfira jókòó, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ra kúrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ tẹ èèyàn.

Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ti tán. Ohun tó dà á láàmú tẹ́lẹ̀ ni pé Gavril wà lókùnkùn, Gavril sì ti rí ìmọ́lẹ̀. Bó bá dákẹ́ nísinsìnyí, ìyá ìgbéyàwó rẹ̀ wà fún un, iṣẹ́ rẹ̀ wà fún un, koríko á hù lórí rẹ̀ bí irun orí. Ó tún èyí sọ fún ara rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbójú sókè, ó rí ìyá Varvara tó ń tan àbẹ́là fún ọkọ ọmọ rẹ̀, àbẹ́là náà sì ń tẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin náà fi ìka tọ́ ọ, ó tún tẹ̀. Ó tún tọ́ ọ.

Ní Mọ́ńdè, ọ́dítọ̀ dé. A ti ń retí ogun, obìnrin kúkurú kan ló sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, Ìyáàfin Despina Corbu, pẹ̀lú ẹyin bíbọ̀ nínú àpò rẹ̀. Leonte ti ń gbá ilẹ̀ ibi tó ti gbá láti àárọ̀, ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lu. Zamfira nu ọwọ́ ìda rẹ̀, ó kan ilẹ̀kùn yàrá kékeré tí wọ́n fi obìnrin náà sí.

"Ẹ jọ̀ọ́, mo ní nǹkan sọ. Ọkọ mi wà lókùnkùn. Ó kú ní oṣù kejì. Òun àti àwọn..."

Ìyáàfin Corbu gbé ẹyin rẹ̀ kalẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. "Ìyá mi náà ń wá bá mi," ló wí. "Ṣùgbọ́n mi ò lè kọ àlá ránṣẹ́ sí bíṣọ́ọ̀bù. Kí ni ojú yín gan-an rí?"

Zamfira sọ ọ́. Ó sọ ti oyin tí kò wọlé mọ́, ti èékánná, ti àwọn oníìpara ètè. Nígbà tó kan ti àpótí, ó yọ ìyókù ọ̀pá ìda lápò, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àbẹ́là kan tí òun fúnra rẹ̀ ṣe láàárọ̀. Ìyáàfin Corbu ṣáná sí méjèèjì. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wò wọ́n. Kò pẹ́ tí ọ̀kan fi tutọ́, tó tẹ̀, tó kú. Èkejì dúró.

"Ẹ máa fọwọ́ sí ìwé yìí o," ni obìnrin náà wí, ohùn rẹ̀ tutù. "Ta ló fún yín ní èyí tó dára?"

"Òun náà ni."

"Ẹ ò ní lè kó ọ̀rọ̀ yín jẹ."

"Mo mọ̀."

Ìyá Frosa kọjá lójú fèrèsé lákòókò náà, kọ́kọ́rọ́ ń dún nídìí rẹ̀. Zamfira fọwọ́ sí i.

Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́. A retí pé Ìyá Frosa á ṣubú nígbà tí wọ́n bá yọ ọ́, ṣùgbọ́n ó rìn lọ sílé láìwẹ̀yìn. Wọ́n bá a délé, wọ́n kó gbogbo ìda tí wọ́n rí, torí ti ṣọ́ọ̀ṣì ni. Wọ́n kó ìlàjì tó wà nísàlẹ̀ àpótí mọ́ ọn.

Leonte ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ báyìí. Ó ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé òun ti mọ̀ látilẹ̀wá, pé òun kan ń dúró de àkókò Ọlọ́run ni. Oyin padà kí òtútù tó dé, ojú rẹ̀ sì wú. Àwọn ará ìlú sì ń rọ́ wá gba àbẹ́là tuntun fún òkú wọn. Wọ́n á gbà á lọ́wọ́ Zamfira, wọ́n á wo ògiri, wọn ò ní kí i. Ìyá Varvara gba méjìlá, ó tutọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé wọn mọ́ àyà bí ọmọ, ó lọ.

Gavril ò wá mọ́. Zamfira ń jẹun ọ̀sán, ó ń gbé orí lé ìrọ̀rí, ó ń tẹ́tí. Ó ti bẹ Ọlọ́run títí kí ọkùnrin náà fi òun sílẹ̀. Nísinsìnyí, ó máa ń fi àga kan sáàárín ọ̀nà.

Ní àṣálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kejìlá, ó gba ẹ̀yìn ilé Ìyá Frosa kọjá. Iná ò tàn níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ òkùnkùn ti ṣú. Ó yára ẹsẹ̀. Ó wá gbọ́ ọ, láti inú ilé: gbàgà. Lẹ́yìn náà, èébú, ní ohùn Ìyá Frosa.

Ó dúró nínú yìnyín fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó padà síbi iṣẹ́, ó gé òwú gígùn kan lára ìdì òwú, ó padà wá kan ilẹ̀kùn.

Ìyá Frosa ṣí i díẹ̀. Ojú rẹ̀ ò hàn.

"Kí lo tún wá kó?"

"Mo wá wọ̀n yín ni, Ìyá. Fún ọ̀pá. Mi ò mọ gígùn yín."

"O mọ̀ ọ́n fún ọ́dítọ̀."

Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ yìnyín wọ àárín wọn. Arúgbó náà dúró pẹ́ débi tí Zamfira fi rò pé ó ti sùn ní ìdúró. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ tí bàtà kan bọ́, tí èkejì tẹ̀ lé e. Ìyá Frosa fi ẹ̀yìn ti férémù ilẹ̀kùn, ó na ara rẹ̀ tán.

"Mi ò sọ pé ìwọ lo máa tàn án o," ló wí.

"Mo gbọ́."

Zamfira kúnlẹ̀, ó fi orí òwú ti gìgísẹ̀ rẹ̀, ó fà á gòkè nínú òkùnkùn, ó ń fọwọ́ wá ibi tí èjìká wà, ibi tí orí wà. Òwú ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀ ju bó ṣe rò lọ.

"Ṣé mo ti kúrú ni?"

"Ẹ ti kúrú díẹ̀, Ìyá."

"Ó dáa. Ìda ò ní pọ̀." Ó wọ bàtà rẹ̀ padà, ó fọwọ́ lé ilẹ̀kùn. "Ṣùgbọ́n kó jẹ́ ti oyin."